Ọdún Mẹ́ta Ìpilẹ̀ Wèrè

A kì í fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè. Ọjọ́ wo la ó wá bu ni jẹ? Àwọn tó ń kó kámẹ́rà fíìmù àtijọ́ jọ lóde òní ti sọ ohun tí òwe yìí kọ̀ di ìṣe. Wọn a ra Rolleiflex Automat, irú èyí tí Jámánì gbé jáde lọ́dún 1937, wọn a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìki fíìmù bọ̀ ọ́, wọn a tan iná síwájú lẹ́ǹsì, wọn a gbé ẹ̀rọ tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn, wọn a so ó mọ́ fóònù. Wọ́n tẹ bọ́tìnì. Níbi tí ṣọ́tà ti yẹ kó ṣí fún ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá, 350 ni fóònù kà. Ìdààmú dé! Wọ́n tún un tẹ̀, ó di 340. Fíìmù ń bẹ nínú fíríìjì, ọjọ́ ìlò rẹ̀ ń lọ.

Bẹ́ẹ̀, kí ni àṣìṣe ọ̀hún tó? Láti 500 sí 350, ìmọ́lẹ̀ tó fi lé kò tó ìdajì, nẹ́gátíìfù dúdú-òun-funfun sì ń gba ìlọ́po méjì mọ́ra. Àní 500 gan-an kì í dúró sójú kan. Abẹ irin pẹlẹbẹ ló ń ṣí, tó ń pa dé nínú ṣọ́tà náà: bí ihò lẹ́ǹsì bá fẹ̀, etí rẹ̀ ló ń ṣí kẹ́yìn, òun náà ló ń kọ́kọ́ pa dé, bí a bá fún ihò náà pọ̀, etí yẹn ò sí mọ́. Ṣọ́tà kan, iye méjì. Èwo ni kí fóònù kà? (Tẹmómítà tí wọ́n ń kì bọ oògùn ìfọ-fíìmù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó yẹ ìyẹn wò.)

Wọ́n á ní fíìmù sláìdì kì í forí jini. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà oníkọ́tìnnì aṣọ bíi Leica: bí kọ́tìnnì kejì bá ń sáré lé èkíní jù, apá kan fọ́tò á ṣókùnkùn. Ìyẹn gba àyẹ̀wò, bí ọ́ìlì tó gan mọ́ eyín wílì ṣe gba alátùn-únṣe. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń ṣe 350 lójoojúmọ́ sàn ju èyí tó ṣe 500 lónìí, tó ṣe 200 lọ́la. Kọ iye rẹ̀ sí bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí kámẹ́rà, kí o máa fún ihò lẹ́ǹsì díẹ̀ sí i. Ó parí. Brownie tí Kodak ń tà ní dọ́là kan lọ́dún 1900, ìyára kan ṣoṣo ló ní fún fọ́tò ojú oòrùn. Ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, fọ́tò tí wọ́n fi yà sì wà nínú álíbọ́ọ̀mù títí dòní.