Bí O Kò Bá Gbọ́ Orúkọ Rẹ̀, Múdà Ni

Èmi kì í sọ ohun tí mi ò gbọ́. Ẹ bi gbogbo agbo ilé wa ní Ilé-Ogbó yìí. Ẹni tó bá pè mí ní olófòófó, ẹ bá mi bi í pé kí ni mo sọ tí kì í ṣe òótọ́. Yóò dákẹ́ ni, torí ó mọ̀ pé mo mọ tirẹ̀ náà.

Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ Ajé nìyí. Mo ń bọ̀ láti ọjà, okùn bàtà mi já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mẹkáníìkì, mo bá bẹ̀rẹ̀ láti so ó. Okùn náà le díẹ̀, kò tètè so. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọkùnrin kan fi wọ́ ọ̀kadà rẹ̀ dé, ó wọ jẹ́sì Chelsea, ó ní púlọ́ọ̀gì ń yọ òun lẹ́nu. Bàbá Mẹkáníìkì ti tú púlọ́ọ̀gì náà, ó ti ń fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá wọlé. Ọmọ yìí ní láti ọjọ́ tí Nàìjíríà ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tó tó Okocha láàárín pápá. Bàbá ní, "Ìwọ mọ Múdà?" Ọmọ náà ní, "Múdà wo, Bàbá? Èyí tó ń ta káàdì ní gáréèjì?"

Ẹ̀yin ará, mo gbójú sókè. Bàbá Mẹkáníìkì gbé púlọ́ọ̀gì kalẹ̀ sórí táyà, ó nu ọwọ́ méjèèjì, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó ní, "Gbé ọ̀kadà ẹ, kó o máa lọ."

"Bàbá, ẹ ò tíì dá púlọ́ọ̀gì padà."

"Lọ bá Okocha, kó bá ẹ dá a padà."

Ẹ má bínú sí bàbá. Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, mẹkáníìkì lòun náà kó tó wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn. IICC Shooting Stars lorúkọ ẹgbẹ́ náà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ta ló ráyè gbogbo ìyẹn? Ṣúùtìn là ń pè é. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀, ọmọ Pólì Ìbàdàn, onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tí Ernest Okonkwo orí rédíò sọ ní "Mathematical". A fẹ́ràn Ọdẹ́gbàmí, ta ni ò ní fẹ́ràn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìyá wo nílùú yìí nígbà náà ló lè wo ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rówó san fún ìdánwò, kó ní ọmọ òun á di Ọdẹ́gbàmí? Múdà ńkọ́? Gbogbo ọmọ tó bá ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tí ọ́ìlì ń kán sí lójú ló lè di Múdà. Ìyẹn ló fà á tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi máa ń fi sípánà lu irin kẹ̀ǹkẹ̀ tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, títí ọ̀gá wọn á fi ní kí wọ́n dákẹ́, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó mú sípánà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fà yọ kí n tó gbàgbé. Gbogbo ọkùnrin agbo ilé yìí tí irun orí rẹ̀ bá ti funfun ló ń sọ pé òun wà ní Liberty, l'Ókè-Àdó, nígbà tí Múdà ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn pátá! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló wá ń já kòkó nígbà náà? Ta ló ń kọ ebè? Bàbá Télọ̀ tiẹ̀ fi Kùránì búra pé ẹ̀yìn gómìnà gan-an lòun jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ fún mi ní kọ̀rọ̀, tí mo sì ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ọdún 1985 ni ọkọ òun kọ́kọ́ fojú kan Ìbàdàn, eyín ló sì lọ yọ.

Ẹnì kan ṣoṣo tó lọ ní tòótọ́ ni Bàbá Mẹkáníìkì, torí Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, lágbègbè Ìwó Road. Ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó di Liberty. Ẹ wá bi í ní ohun tó rí. Ọkùnrin kan tó sanra, tó dé fìlà abetí-ajá, tó sì na etí méjèèjì síta, ló jókòó síwájú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fìlà ló wò. Bí èrò bá fò sókè, òun náà á fò. Bí wọ́n bá pariwo "Múdà!", òun náà á pariwo "Múdà!" Títí dòní, ó lè ya iṣẹ́ ọnà ara fìlà yẹn fún yín.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó rí Múdà nílé wa. Asọ̀rọ̀mágbèsì la fi mọ̀ ọ́n. Rédíò Bàbá Àgbà ni, èyí tó wọ ẹ̀wù awọ oníhò wẹ́wẹ́, tó ń jẹ bátìrì mẹ́rin. Bí Ṣúùtìn bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, àárọ̀ la ti máa ń sá bátìrì sórí páànù kí oòrùn lè ta sí i lára, kó tún lágbára díẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má baà tì í ṣubú. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Kékeré yọ méjì níbẹ̀, ó fi sí tọ́ọ̀ṣì. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ìyálé rẹ̀ lórí bátìrì méjì yẹn, láti ìgbà àgbàdo tútù ni, Iléyá ló parí ẹ̀. Kódà kò parí. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí n padà. Okonkwo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré lórí pápá lọ. Tíṣà nìkan ló gbọ́ èdè náà nínú ilé, òun ló wá di ògbufọ̀. Mi ò bú Tíṣà o, ó kọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kó tó túmọ̀ gbólóhùn kan, Okonkwo á ti sọ mẹ́sàn-án sí i, Bàbá Àgbà ò sì ní sùúrù. "Ta ni bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí?" Tíṣà gbọ́dọ̀ dáhùn kíá. Nígbà tí kò bá gbọ́, kí ló fẹ́ sọ? "Múdà ni, Bàbá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ló jù ú wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá? Múdà ni. Ta ló forí kàn án? Múdà ni. Ta ló gbé bọ́ọ̀lù mọ́yà lójú ilé? Múdà náà ni. Best Ogedegbe tí í ṣe aṣọ́lé, Sam Ojebode lẹ́yìn, Kúnlé Awẹ́sù létí pápá lápá òsì, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, Múdà ni Tíṣà ń ká a sí lọ́rùn. Lójú Bàbá Àgbà, ẹnì kan péré ló wà nínú Ṣúùtìn, àwọn mẹ́wàá tó kù kàn ń jẹ owó ìjọba lásán ni.

Lọ́dún 1976, Ṣúùtìn wọ ìdíje Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alan Hawkes, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Wọ́n ti Zamalek ti Íjíbítì kúrò lọ́nà, wọ́n kan Tonnerre ti Yaoundé ní àṣekágbá. Àwọn Tonnerre yìí ló gba ife náà lọ́dún tó ṣáájú, Roger Milla fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ṣúùtìn nà wọ́n ní 4-1 nílé, wọ́n fi 1-0 na Ṣúùtìn lọ́hùn-ún, ife di tiwa. Ṣáájú ìgbà náà, kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà rí. Lálẹ́ ọjọ́ 4-1 yẹn, Bàbá Àgbà ní kí Tíṣà ròyìn. Ta ló gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Tíṣà ní Múdà ni. Èyí táwọn ará Kamẹrúùnù gbá wọlé ńkọ́, ta ló gbá a? Ẹnu Tíṣà ti mọ́ ọn lára, ó ní, "Múdà ni, Bàbá."

Bàbá Àgbà mi orí. Ó ní, "Ó ṣàánú wọn."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú wá já a. Ṣúùtìn kan Rangers ti Enugu nínú ìdíje kan náà, nípele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n gbá a l'Ékòó, 0-0. Wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná kí èdè-àìyedè má baà wà, 0-0 náà ni. Ó wá di pẹnáritì. Ilé wa kún lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ọmọdé wà lábẹ́ ibùsùn, abẹ́ ibùsùn yẹn lèmi sì ti gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún yín. Rangers gbá tiwọn wọlé. Okala aṣọ́lé wọn, ọkùnrin tó ga bí ìyẹn, dúró síbẹ̀. Tíṣà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Bàbá Àgbà ní, "Kí ni Múdà ṣe?" Tíṣà na ọwọ́, ó pa rédíò, ó ní, "Bátìrì ti kú."

Ẹ gbọ́ o, gbogbo òru ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù yẹn ò tíì parí nílé wa. Bàbá Àgbà ṣe wíríìdì, ó gbàdúrà fún ẹsẹ̀ Múdà, ó sùn. Ìgbà tó di ọjọ́ kejì ni awakọ̀ tó gbé gàrí ti Ìbàdàn bọ̀ dé, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn la fi mọ̀ pé Rangers ti gbé wa. Rangers náà ló sì gba ife lọ́dún yẹn. Bátìrì tó kú yẹn, Ìyá Kékeré fi sí tọ́ọ̀ṣì, tọ́ọ̀ṣì tàn wàà.

Ohun tó wá pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín ni ti 1980. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, Nàìjíríà àti Àlùjíríà, àṣekágbá ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n dé ilé ẹnì kan ládùúgbò, a fi àga gbé Bàbá Àgbà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fojú ara rẹ̀ rí Múdà. Wọ́n tọ́ka rẹ̀ sí i. Bọ́ọ̀lù kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Ọdẹ́gbàmí ti gbá ọ̀kan wọlé. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ó tún gbá òmíràn. Gbogbo ilé ń jó, Bàbá Àgbà fajúro. "Tíṣà! Kí ló ń ṣe Múdà? Ara rẹ̀ ò yá ni? Kí ló dé tí àwọn yòókù ń bá a gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀?"

Tíṣà ń làágùn. Mo ní ó ń làágùn. Ni ìṣẹ́jú 50 bá pé, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá wọlé, ẹni tó gbá a sì nìyẹn lójú gbogbo ènìyàn, láìsí ògbufọ̀. Tíṣà fò gun àga, ó fọ́ fìtílà onífìtílà. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé mo purọ́? Múdà ni! Mo ní Múdà ni!" 3-0, ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbà. Tíṣà sì san owó fìtílà tayọ̀tayọ̀.

Láti 1976 títí dé 1984, ìdíje ife Áfíríkà márààrún tí wọ́n ṣe, kò sí èyí tí Múdà ò sí nínú rẹ̀. Ní ti 1984, òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Kamẹrúùnù ní àṣekágbá, kí wọ́n tó yí i padà fún wa ní 3-1. Lọ́dún 1991, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ó kú lójijì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Rédíò tuntun ni Bàbá Àgbà ní nígbà náà, Yorùbá ni wọ́n sì fi ka ìròyìn, kò nílò ẹni tó ń túmọ̀, àmọ́ etí rẹ̀ ti wúwo. Ó ní, "Tíṣà, ta ni wọ́n ló kú?" Tíṣà wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa, Bàbá. Ẹlòmíràn ni."

L'Abẹ́òkúta, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Aṣérò. Bàbá Mẹkáníìkì ti lọ wò ó. Ó ní ẹnu géètì náà nílò gíríìsì.

Ìyá Oníṣu ní kí n má gbàgbé Ràṣídì Yẹkíní, ẹni tó wọ Ṣúùtìn lọ́dún 1982, tó sì gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ Nàìjíríà ní ife àgbáyé sáwọ̀n Bùlùgéríà ní 1994. Mi ò gbàgbé. Ìjà ti Ràṣídì tóbi, ọjọ́ rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ rántí pé kò tíì tó oṣù méjì tí Múdà kú tí ìjọba fi gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ní 27 oṣù Kẹjọ. A sùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a jí ní Ọ̀ṣun, láìkúrò lórí ẹní. Wọ́n pín òṣìṣẹ́, wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín àga. Ta ló rántí pín Ṣúùtìn? Bàbá Télọ̀ ní a ní ìpín níbẹ̀, kí wọ́n fún wa ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ̀lé Osun United ní kí bàbá òun lọ máa san owó orí ní Ìbàdàn nígbà náà. Ọ̀rọ̀ di ti baálé ilé. Wọ́n ní kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ kó tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ilẹ̀ yẹn ló sì wà tó ti gbé orí sókè, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ tiẹ̀ fojú rí Múdà yìí rí?"

Bàbá Télọ̀ fọwọ́ sọ́yà. Ó ní ẹ̀yìn gómìnà gan-an lòun jókòó sí.

Ìyàwó rẹ̀ wò mí. Èmi náà bá ń wo àjà.