Àjànàkú Tí A Rí Fìrí

"Àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí; bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Ó dájú pé ẹni tó pa òwe yìí kò bá ìjọba Nàìjíríà da ọkọ̀ òfurufú pọ̀ rí.

Erin abìyẹ́ ni àmì Nigeria Airways, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba. Nígbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan, a lọ gbé àjànàkú gidi wálé: DC-10, èyí àkọ́kọ́ dé lọ́dún 1976. Ọ̀nà méjì ló gba àárín àga rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní, ọ̀kan gun ìdí ìrù. Airbus A310 mẹ́rin tún tẹ̀lé e. Ní oṣù kìíní 1987, wọ́n ń fi DC-10 kan kọ́ awakọ̀ ní Ìlọrin, ibẹ̀ ló bàjẹ́ sí. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kankan ò bọ́.

Ẹlòmíì ì bá jókòó ṣírò. Àwa ra òmíràn! DC-10 akérò tó gbẹ̀yìn pátápátá tí McDonnell Douglas ṣe, àwa ni wọ́n gbé e fún lọ́dún 1989. Ọjà ti tú, ìyá ọlọ́jà ń ká ẹní, a dé tòun ti owó.

Wọ́n ní ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Tiwa kọ́: ọ̀bẹ ti pé sídìí ẹ nígbà tó ṣì ń mí. Òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ọ̀gá ń bù, ọmọọṣẹ́ ń bù. Nígbà tí wọ́n ti Nigeria Airways pa lọ́dún 2003, gbèsè 528 mílíọ̀nù dọ́là ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń fò, nínú ilé náà ni. Méjì tó ń re òkè òkun, yíyá ni.

Ní oṣù keje 2018, Hadi Sirika, mínísítà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú nígbà náà, tún ṣí aṣọ lójú ilé-iṣẹ́ tuntun, Nigeria Air, ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ àti àmì ló wà níbẹ̀, kò sí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àtijọ́ ṣì ń retí owó wọn lákòókò náà (ṣé ẹ rántí wọn?). Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti dá ètò náà dúró.

Ó wá di ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2023, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba wọn kógbá wọlé. Boeing 737 kan balẹ̀ sí Àbújá, wọ́n ti kun Nigeria Air sí i lára. Ọ̀nà kan péré ló wà láàrin àga tirẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì padà sí Ethiopia, nítorí Ethiopian Airlines ló ni ín, wọ́n sì ní èrò tí wọ́n fẹ́ fi kó.