Orúkọ Wo Lẹ Pè É?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, àwọn kan lọ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ìpínlẹ̀ Kentucky, Amẹ́ríkà. Wọ́n ní, "Kí lẹ rí sí Obamacare?" Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún yínmú sí i. Wọ́n ní, "Kynect ńkọ́?" Àwọn tó yínmú sí ìyẹn ò ju ìdá 22 lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ kan náà ni! Kynect ni Kentucky sọ ọjà adójútòfò ìlera tí òfin Obama ọdún 2010, ìyẹn Obamacare, bí fún wọn. Ó lé ní 400,000 èèyàn tó gba ibẹ̀ rí adójútòfò.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà kì í wolé o! Ilé bàbá ọmọ ni wọ́n ń wò: ṣé ti ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, ẹgbẹ́ Obama, ni àbí ti Republican? Bí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, wọ́n ti mọ̀ bóyá ọmọ rẹwà, kí wọ́n tó ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Mitt Romney, ọmọ Republican, ti fọwọ́ sí irú òfin yìí nígbà tó jẹ́ gómìnà Massachusetts lọ́dún 2006. Nígbà tí ti Obama dé, tó jọ ọ́ bí ìbejì, kò sí Republican kan ní ilé aṣòfin àgbà àti kékeré tó dìbò kó di òfin. Lọ́dún 2012, nígbà tó ń du ipò ààrẹ, Romney fúnra rẹ̀ ń ṣèlérí pé òun máa fagi lé e. Obama náà ńkọ́? Lọ́dún 2008, ó ń bá Hillary Clinton, tí wọ́n jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì Democrat, wí pé ó fẹ́ fipá mú èèyàn ra adójútòfò. Ó wọlé tán, ó fi ìfipámúni yẹn kan náà sínú òfin tirẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Matt Bevin, gómìnà Kentucky nígbà kan, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Obama sétí. Ó ti Kynect pa, ó wá kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ọjà ìjọba àpapọ̀, ojúlé Obamacare gan-an! Lọ́dún 2021, Gómìnà Andy Beshear, ọmọ gómìnà tó dá Kynect sílẹ̀, tún jí i dìde.

Nílé tiwa, ọmọ kan lè jẹ́ orúkọ mẹ́jọ. Ìyá àgbà lè má fẹ́ràn àna rẹ̀, kó má sì pe orúkọ tí àna sọ ọmọ láéláé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá figbe ta lóru, ṣebí ìyá àgbà yìí náà ló ń kọ́kọ́ dìde?