Ìbọn Tó Mọ Olówó Orí Rẹ̀

Àwọn ará Jámánì kan ṣe ìbọn ìléwọ́ tó ń jẹ́ Armatix iP1, tó mọ olówó orí rẹ̀. Bí aago ọwọ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀ kò bá sí nítòsí, ẹ fà á títí, kò ní dún. Ìyàwó olóòótọ́ nìyẹn. Àmọ́ lọ́dún 2017, ẹnì kan fi mágínẹ́ẹ̀tì nǹkan bíi dọ́là 15 tàn án, ló bá dún fún un gbàù, kò tiẹ̀ béèrè aago mọ́. Dọ́là 15 péré!

Ti inú eré ló le. Nínú ayé Judge Dredd, táwọn ọ̀rẹ́ ti ń jókòó yí tábìlì ká láti fi ṣeré láti ọdún 1985, ìbọn àwọn adájọ́ a máa yẹ àtẹ́lẹwọ́ wò. Bí àjèjì bá fà á, ọwọ́ àjèjì náà ló máa bú gbàmù. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀" níbẹ̀.

Fóònù tèmi ńkọ́? Tí mo bá ti jẹ ẹ̀bà tán, kò mọ àtàǹpàkò mi mọ́. Ẹ wá wo bí yóò ṣe rí tí ìbọn bá ń ṣe bíi fóònù yìí: olè ti dé ẹnu ọ̀nà, ìbọn wà lọ́wọ́ mi, èmi sì ń pariwo kí wọ́n bu omi ìṣanwọ́ wá.