Òkun Kò Sí Nílé

Tí ìsinmi iléèwé bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, fóònù àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀n kì í sinmi mọ́. Ẹnì kan á fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ibi mẹ́wàá rèé tí ẹ lè mú ọmọ lọ láìná kọ́bọ̀. Òmíràn á fi ti etíkun ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tó mọ Lọ́ńdọ̀n dáadáa, á fi ti ohun tí ọmọ lè máa ṣe nínú ilé lọ́jọ́ òjò ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn gidi ló wà nínú wọn. Àléébù wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ó hàn gbangba pé àwọn tó kọ wọ́n kò gbé kúlà ìrẹsì wọ ọkọ̀ ojú irin rí.

Òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ wà nílùú ọba. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni wọ́n ti fòpin sí owó ìwọlé ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńlá tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà, ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún 11 kì í san owó bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀n. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lè kó wọn láti Peckham dé South Kensington, kó má ná ju owó ọkọ̀ ti ara rẹ̀ lọ. Ní Natural History Museum, egungun àbùùbùtán kan tó gùn tó mítà 25 ti wà níbi tí wọ́n so ó rọ̀ sí láti ọdún 2017, ó la ẹnu sí àwọn èrò tó ń wọlé nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ á la ẹnu wò ó. Ìyá wọn náà á la ẹnu tirẹ̀ nígbà tó bá rí iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́yin níbẹ̀. Kúlà á sì jáde lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Ti àwọn bàbá, British Museum ni. Orí idẹ kan láti Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Bẹ́ẹ̀ mùsíọ́ọ̀mù Ilé-Ifẹ̀ wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ọmọ Ifẹ̀ tó ń gba iwájú rẹ̀ lọ sí iléèwé ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, tí kò yọjú wọlé lọ́jọ́ kan, á wá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, á tò sórí ìlà, á dúró níwájú gíláàsì, á sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Dádì, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Ẹbí wa ni wọ́n."

Kò kúkú parọ́.

Ṣùgbọ́n etíkun ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Southend-on-Sea, ní Essex, ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń forí lé, nítorí ọkọ̀ ojú irin á gbé wọn débẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Àwọn tó dàgbà ní Èkó mọ òkun sí ohun tí kì í kúrò lójú kan, àfi tó bá fẹ́ wá bá èèyàn. Ní Bar Beach àtijọ́, òkun fúnra rẹ̀ ló ń jáde wá sójú títì Ahmadu Bello. Ti Southend kò rí bẹ́ẹ̀. Tí omi ibẹ̀ bá fà, ó lè fà sẹ́yìn ju máìlì kan lọ, kó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ lọ salalu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ afárá wọ inú rẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ọdún 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó náà ni wọ́n ṣí afárá onígi àkọ́kọ́. Ti òní gùn ju kìlómítà méjì lọ, débi pé ọkọ̀ ojú irin kékeré ló ń gbé èèyàn lọ sí ìparí rẹ̀.

Ìdílé kan wà tí kò ka ìyẹn kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n dé lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú kúlà, ẹní, agbòjò àti àǹtí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Àǹtí wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Òkun dà?"

Òkun kò sí nílé. Òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá ní kí wọ́n fara balẹ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, bí ìgbà tó lọ ra ata lọ́jà. Nínú gbogbo àpilẹ̀kọ tí àwọn òbí ń pín kiri, èyí tó bá kọ wákàtí tí omi ń kún àti èyí tó ń fà ló yẹ ní títọ́jú. Kí wọ́n fi ti ẹyẹ kún un pẹ̀lú: àwọn ẹyẹ etíkun ibẹ̀ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, wọ́n á já chips gbà lọ́wọ́ ọmọ. Wọn kò ṣáà tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà.

Nílé ńkọ́? Nílé, wọn kì í dìídì mú ọmọ ṣeré jáde. Ọmọ ló ń bá àgbà lọ òde. Sátidé á dé, wọ́n á wọ aṣọ ẹbí fún un, ó di ibi ìkómọ tàbí ìsìnkú arúgbó. Á jó, wọ́n á náwó fún un, á sì sùn sórí àga oníke méjì tí wọ́n tò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní Lọ́ńdọ̀n, ìwé ìpè ọjọ́ ìbí ọmọdé á sọ pé aago méjì sí aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin! Ní Ṣúrùlérè, àwọn tí wọ́n pè sí aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wé gèlè nígbà yẹn ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá bi ọmọ Ìbàdàn pé ìgbà wo ló gun Láyípo kẹ́yìn, ilé gogoro tó ti wà lókè yẹn láti ọdún 1936, á gbọ́ pé nígbà tí òun wà ní praimárì ni. Ará òkèèrè ló ń wá kó wọn jáde, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí tó bá yọ ọmọ níléèwé láìgbàṣẹ torí ìrìn àjò lè rí ìwé ìtanràn £80 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, bàbá tirẹ̀, ìyá tirẹ̀. Tí ọjọ́ 21 bá kọjá tí wọn ò san án, ó di £160. Gbogbo wọn á dúró de oṣù Kẹjọ tàbí Kejìlá. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú náà kò sì gọ̀.

Ìrìn àjò tó dùn jù fún irú wọn ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Wọ́n á wọ̀ ọ́ ní Alágọmejì, wọ́n á sọ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyinká pè. Ètò wà nínú fóònù: aago mẹ́wàá, Olúmọ, aago méjìlá, àdìrẹ ní Ìtòkú. Kò sí àpilẹ̀kọ kankan tó rántí bùròdá àgbà tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà. Wọn ò lè kọjá kí wọ́n má kí wọn. Ilé àkọ́kọ́, ẹran díndín. Ilé kejì, ọ̀fadà. Ilé kẹta, láfún àti ewédú, ìyá àgbà sì ń wo ọwọ́ wọn.

Aago mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó dé ìdí àpáta. Àwọn ọmọ sáré gòkè. Bàbá jókòó síbi ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, ó ní òun náà ti sá débẹ̀. Àǹtí tó ti ń gbé Aké láti kékeré bá wọn dé téńté, òun ló sì ya fọ́tò jù.

Ní Lekki, afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 wà nínú ọgbà ẹranko igbó. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀, ó ṣeni láàánú, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ètò òun rí bó ṣe wà nínú fóònù, kí ó lọ sí Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, àwọn ará ìlú sì ti ṣí kúrò lókè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, torí náà kò sí ẹni tí wọ́n á kí lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tètè gùn ún kí oòrùn tó mú, kí wọ́n má sì jẹ iyán ṣáájú. Àǹtí tó wà ní Àkúrẹ́, tí wọ́n gba ìlú rẹ̀ kọjá láìyà, á ti gbọ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.