Ó Jẹ Bàbá Ìlú Tán, Ilé Rẹ̀ Gbiná

Ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ ilé ọba ni, ògiri sì létí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, ọdún 2 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù fẹnu kò pé kí Augustus, olórí wọn, máa jẹ́ Bàbá Orílẹ̀-èdè. Valerius Messalla ló gba ẹnu gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Bàbá gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni 60 ọdún, ó ní kò sí ohun tó kù tí òun fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ àwọn òrìṣà mọ́, bí kò ṣe pé kí ìfẹ́ yìí bá òun dé ọjọ́ ikú. Hùn. Ọdún yẹn kò tíì parí tí ìtìjú fi lé bàbá wọ yàrá.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe fàájì ná. Bàbá ṣí tẹ́ńpìlì tuntun fún Mars, òrìṣà ogun wọn, wọ́n pa kìnnìún 260 kí aráàlú lè wòran, wọ́n bu omi kún pápá eré kan, wọ́n sì pa ọ̀nì 36 níbẹ̀. Èyí kò tó wọn. Lẹ́bàá odò Tiber, wọ́n gbẹ́ adágún tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,800, tó fẹ̀ ní 1,200, ọkọ̀ ogun ńlá 30 pẹ̀lú àwọn kéékèèké wọ inú rẹ̀, nǹkan bí 3,000 ọkùnrin sì bára wọn jà níbẹ̀, láìka àwọn tó ń tukọ̀. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi ń ṣeré o! Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìwà ìbàjẹ́. Ó dìgbà tí obìnrin kan jáde lálẹ́.

Julia lobìnrin náà ń jẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Augustus bí. Ó ti lé ní 35 ọdún, abiyamọ ọlọ́mọ 5, ìyàwó Tiberius. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri nípa rẹ̀, ẹnu mi kò gba gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní àlè rẹ̀ kò lóǹkà. Wọ́n ní ó ń bá wọn ṣe fàájì lóru ní ojúde ìlú, lórí pèpéle gan-an tí bàbá rẹ̀ ti gbé òfin àgbèrè kalẹ̀. Àní wọ́n ní ó fi òdòdó dé ère Marsyas lórí níbẹ̀. Gbogbo ibi tó wà ní Róòmù, orí pèpéle òfin! Nígbà kan tí ẹnu yà wọ́n pé àwọn ọmọ rẹ̀ jọ Agrippa, ọkọ rẹ̀ ìgbà náà, bíi pé wọ́n gé e sọ, ẹ̀rín ló fi dá wọn lóhùn: òun kì í gbé èrò àfi bí ọkọ̀ òun bá ti kún. Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ilé ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọ ọ́.

Ta wá ni àgbà àwọn àlè náà? Iullus Antonius. Ọmọ Mark Antony ni, ọkùnrin tí bàbá Julia ṣẹ́gun ní Actium lọ́dún 31 ṣáájú ìbí Jésù. Ọmọ ọ̀tá bàbá rẹ̀! Inú ilé Octavia, ẹ̀gbọ́n Augustus, ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yìí, wọ́n sì fi Marcella, ọmọ Octavia, fún un láya. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì lọ. Kí Marcella tó fẹ́ Iullus, ìyàwó Agrippa ni. Augustus ló ní kí Agrippa kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kó lè fẹ́ Julia. Èyí ni pé ọkọ méjì ni Marcella ní, àwọn méjèèjì ni Julia sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ní gbangba, èkejì ní kọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá méjì ló bí Julia àti Marcella o. Ó burú.

Mo bínú sí Julia, n kò ní parọ́. Àmọ́ ta ló ń so wọ́n pọ̀, tó tún ń tú wọn ká? Ọmọ ọdún 14 ni Julia nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í fún Marcellus, ọmọ Octavia kan náà. Ìyẹn kú, wọ́n gbé e fún Agrippa, ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Agrippa kú, wọ́n gbé e fún Tiberius, ọmọ Livia ìyàwó bàbá rẹ̀. Tiberius ní ìyàwó tó fẹ́ràn, Vipsania, ọmọ Agrippa, ó sì lóyún lọ́wọ́. Wọ́n ní kó kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan ó ṣèèṣì rí Vipsania lójú ọ̀nà, ó ń wò ó tẹkúntẹkún, ni wọ́n bá ṣètò pé kó má tún fojú kàn án mọ́. Nígbà tó di ọdún 6 ṣáájú ìbí Jésù, ó kẹ́rù rẹ̀, ó gba Rhodes lọ. Àwọn wọ̀nyí lẹ ní kí wọ́n máa ṣe lọ́kọláya?

Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Augustus fúnra rẹ̀ gba Livia lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú. Ọjọ́ tí Scribonia bí Julia gan-an ló kọ Scribonia sílẹ̀. Ara ìkókó ò tíì gbẹ! Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá kò jiyàn pé ó ń bá ìyàwó oníyàwó sùn. Wọ́n kàn ní àṣírí ọ̀tá ló ń wá lẹ́nu àwọn obìnrin náà. Ẹ gbọ́ àwáwí! Bẹ́ẹ̀ ló ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa ran òwú, kó máa hun aṣọ, kó má ṣe tàbí sọ ohun tí kò ṣeé kọ sínú ìwé ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin rere kan, Lucius Vinicius, lọ kí Julia ní Baiae, bàbá kọ lẹ́tà sí i pé ìwà àfojúdi ni.

Òfin ọdún 18 ṣáájú ìbí Jésù tún wá sọ àgbèrè ìyàwó ilé di ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Julia dé etí bàbá, kò lè dákẹ́, àmọ́ kò lójú láti wọ ìgbìmọ̀. Ó kọ lẹ́tà, ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan kà á fún wọn. Àṣírí ọmọ rẹ̀ ló ń kà létí ìgbìmọ̀ àgbà! Iullus kú torí ọ̀rọ̀ náà. Phoebe, ẹrú tó ti dòmìnira lọ́dọ̀ Julia, pokùn so, Bàbá Orílẹ̀-èdè sì ní ó sàn fóun kóun jẹ́ bàbá Phoebe.

  

Erékùṣù Pandateria, tí wọ́n ń pè ní Ventotene lónìí, ni wọ́n kó Julia lọ. Kò gbọdọ̀ mu wáìnì. Ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ débẹ̀ láìgba àṣẹ, bàbá rẹ̀ á sì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí ẹni náà, bó ṣe ga tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, àpá tó wà lára rẹ̀. Ta ló tẹ̀lé e lọ? Scribonia, ìyá tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́jọ́.

Aráàlú bẹ bàbá títí pé kó dá Julia padà. Ó ní iná á kọ́kọ́ bómi rẹ́ ná, ni wọ́n bá ń ju ìtùfù sínú Tiber. Lẹ́yìn ọdún 5 ó gbé e lọ sí Rhegium, ó parí. Nígbà tí Augustus kú lọ́dún 14 lẹ́yìn ìbí Jésù, ìwé ìhágún rẹ̀ ní kí wọ́n má sin Julia sínú ibojì òun. Tiberius ti gorí àlééfà, ó gé owó oúnjẹ obìnrin náà, ọdún yẹn náà sì ni Julia kú, nínú ìṣẹ́ àti ebi.