Ta Ni Bàbá Mọ́tò Yín?

Bí ọmọkùnrin kan bá wá fẹ́ ọmọ wa ní Ìbefùn, kó tó mumi tán la ti ń wá ìdílé rẹ̀ kiri. Ọmọ ta ni? Agboolé wo? Ta ló bí ìyá rẹ̀? Ẹnìkan á ti wọkọ̀ lọ sílùú wọn, á máa bá àwọn aládùúgbò tàkúrọ̀sọ bí ẹni tó ń wá yàrá gbà. Ṣé wèrè wà nídìí wọn? Wárápá ńkọ́? Gbèsè ńkọ́?

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí Ojúde Ọba ku oṣù kan. Bàbá ìyàwó yìí kan náà á kó àwọn mílíọ̀nù lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ nítorí Toyota kan tó ń dán. Ìbéèrè méjì péré ló bi í: "Ṣé éésì rẹ̀ ń tutù?" àti "Èló ni jálẹ̀?"

Ẹni tó ń tà á kò kúkú dákẹ́. Obìnrin ló ń wà á. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ. Wọn ò ṣí ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí. Kánádà ló ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdí tó fi ń tà á nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Kánádà yìí débi pé ó ń yà mí lẹ́nu pé èèyàn ṣì kù n'Íjẹ̀bú.

Mọ́tò náà sì ní oríkì o. Nọ́ńbà ṣásí ni, mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti fígọ̀ rẹ̀, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Èyí tó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. Nínú mọ́tò tó gba Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 7 ni 2007, A ni 2010. Wọn kì í fi I, O tàbí Q sí i. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹnìkan ló jókòó kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí àbúrò yín lókè òkun. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ilé-iṣẹ́ bíi Carfax ń gbà kó tó tú àṣírí: bó ti forí sọgi, bí omi ti gbé e. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston lọ́dún 2017, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló rì, tí àwọn oníbánigbófò sì lù wọ́n ní gbàǹjo. Irú wọn kì í kú sí Texas. Wọ́n mọ ọ̀nà Kutọnu. Ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017, gbogbo wa la sì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òfin ọ̀hún ní Sèmè. Tí wọ́n bá ti kùn ún tán, ó di tuntun, títí òjò á fi ṣú tí fèrèsé á máa ṣí ara rẹ̀.

Kìlómítà? Ọmọ kan tó ní láptọ́ọ̀pù ló ń dín in kù. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì, òun kò mọ irọ́ pa.

Ẹ mú mẹkáníìkì dání, kó sì jẹ́ tiyín, kì í ṣe èyí tóun àtẹni tó ń tà á jọ ń pera wọn ní "ọ̀gá mi".

Bàbá wa ní òun ò béèrè ìwé, kínú má bàa bí ọmọ ọlọ́mọ. Lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bẹ́nìn, ọlọ́pàá kan ka nọ́ńbà ṣásí náà dópin, tòun ti bírò lọ́wọ́. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Toyota ni bàbá wà wá. Honda ló wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.